Kí Bàbá Tó Ní Kí N Dìde

Nílé wa ní Òmù-Àrán, ọmọ kì í dá ara rẹ̀ dìde lórí ìkúnlẹ̀. Tí o bá kí àgbà láàárọ̀, orí eékún lo máa wà títí wọn yóò fi dá ọ lóhùn, kí wọ́n tó ní kí o dìde. Bàbá mi ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ náà, torí olùkọ́ àgbà ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìntì. Èmi ni wọ́n máa ń kì ní oríkì mi kí wọ́n tó ní kí n dìde, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin a sì máa jowú.

Láwọn ọdún tí ìlú le, tí àwa tíṣà ń ṣiṣẹ́ láìrówó oṣù gbà, ni Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ń gbọ̀n. Ìyẹn kò bà wá lẹ́rù, a ní ọjọ́ ogbó ni. Ojú wọn ló ń bí mi nínú. Ó le gbagidi, kò rẹ́rìn-ín, kò sunkún. Wọn kò lọ sóko mọ́, wọn kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á jí, wọ́n á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á ní ó ti rẹ àwọn. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé iṣẹ́ wo ni wọ́n ṣe tó rẹ̀ wọ́n. Ọlọ́run dárí jì mí.

Tí mo bá kúnlẹ̀, wọ́n á kàn máa wò mí. Mo gbà pé wọ́n ń bínú torí mo kọ ọkọ mi sílẹ̀, mo padà wálé. Olórí kunkun lèmi náà: mo bẹ̀rẹ̀ sí í kan eékún mọ́lẹ̀ lásán, màá sì dìde fùú. Ẹ̀gbọ́n mi wá láti Èkó fún ìsìnkú kan nínú ẹbí. Ó dọ̀bálẹ̀, kò rí ìdáhùn, ó gbọn ẹ̀wù rẹ̀, ó sì bá ọkọ̀ ọ̀sán padà. Ó ní Bàbá ti kọ òun lọ́mọ.

Ìyá mi ló ní dandan, ká gbé wọn lọ sí ọsibítù ní Ìlọrin. Dókítà ní kí Bàbá kọ orúkọ wọn. Ohun tí wọ́n kọ kéré bí èèrà, àwọn tó ń kọ̀wé gàdàgbà sójú pátákó! Dókítà ní Pakinsini ni wọ́n ń pe àìsàn náà, inú ọpọlọ ló wà. Òun ló mú ojú wọn le, òun ló fa ohùn wọn sẹ́yìn. Àárẹ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ, ìbànújẹ́ ọkàn pàápàá wà lára àìsàn náà. Ó ní tí a bá bá wọn sọ̀rọ̀, kí a máa dúró de èsì. Mo sunkún nínú ọkọ̀ títí a fi délé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú òògùn àti ògì gbígbóná, mo sì dúró. Eékún ń ro mí. Ètè wọn ń mì. Ògì ti tutù kí ohùn tó jáde, ó sì rẹlẹ̀ débi pé mo ní láti sún mọ́ wọn.

"Ọmọ mi, ó ti rẹ̀ mí. Má fún mi lóògùn mọ́. Jẹ́ kí n máa lọ."

Gbogbo àárọ̀ tí mo ti dìde fùú yẹn, ṣé ohun tí wọ́n ń wá ẹnu sọ nìyí? Ẹ̀rù bà mí gidigidi.

"Bàbá, ẹ kò tíì ní kí n dìde."

Oòrùn wọ ojú fèrèsé bá wa níbẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n pe oríkì mi, ó kù díẹ̀ kó má jáde, wọ́n ní kí n dìde, wọ́n sì yanu gba òògùn.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe é fún ọdún méjì. Ilé ẹ̀kọ́ fún mi ní kuẹ́rì torí mo ń pẹ́ dé. Mo kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n mi, kò fèsì. Òògùn wọ́n bí ojú, ìgbà míì kò tilẹ̀ sí. N kò ní purọ́ pé inú Bàbá dùn. Ọ̀pọ̀ àárọ̀ ni wọ́n tún bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí àwọn máa lọ, àwọn àárọ̀ kan sì wà tó kù díẹ̀ kí n gbà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo sì dúró. Oòrùn wọ ojú fèrèsé, ó kúrò níbẹ̀. Ìyá mi wọlé, wọ́n fọwọ́ kan iwájú orí Bàbá tó ti tutù, wọ́n sì fà mí dìde.