Àga Ìrun Bàbá Mi

Bí mo bá ti gbóòórùn òrí, gìgísẹ̀ bàbá mi ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Ó jábọ́ láti orí òrùlé wa ládùúgbò Kabala Doki, egungun gìgísẹ̀ náà fọ́. Dókítà ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó ní kò gbọdọ̀ tíì fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀. Ìyá mi a máa fi òrí ra á. Bàbá a máa ká ọmọ ìka ẹsẹ̀, a tún nà wọ́n. Orí àga ló ti ń kírun.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nílé-kéwú ní Ọlọ́run kì í gba ìrun orí àga. Ẹ̀rù bà mí kí bàbá mi má lọ wọ iná. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé àga náà pamọ́ sẹ́yìn ìkòkò omi.

Ládàánì pèrun.

"Àṣàkẹ́, àga mi dà?"

"N ò rí i, Bàbá."

Ó fọwọ́ ti ògiri dìde, ó fẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀. Inú mi ń dùn. Ó forí kanlẹ̀. Nígbà tó fẹ́ dìde, ó ké igbe kan tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ìyá mi sáré lọ bomi, ó rí àga. "Ta ló gbé e síbí?"

"Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e," Bàbá dá a lóhùn.

Títí ó fi kú, bí wọ́n bá bi í nídìí tó fi ń tiro, a ní, "Ìkánjú mi ni," kì í sì í wojú mi.