Ọkọ̀ Uncle Fọlárìn Tí Mo Ní Ó Dára

Ẹ̀yin tèmi, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ó ti lé lọ́dún kan tó ti ń jẹ mí lọ́kàn, agbára mi ò sì gbé e mọ́.

Ẹ mọ̀ pé home inspector ni mí. Bí èèyàn bá fẹ́ ra ilé ní Suwanee tàbí Riverdale, èmi ni wọ́n ń pè kí n wo òrùlé, kí n rá wọ abẹ́ ilé, kí n sọ ibi tó ti jẹrà. Àwọn tó ń ta ilé ò fẹ́ràn mi rárá! Bí mo bá ṣe rí i ni mo ṣe máa ń sọ ọ́.

Ilé Uncle Fọlárìn ni mo dé sí nígbà tí mo kọ́kọ́ wá sí Atlanta. Ọdún méjì ni mo fi gbé basement wọn ní Ellenwood. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, Aunty Bísí, ìyàwó wọn, á ti gbé oúnjẹ dè mí. Òbí ni wọ́n jẹ́ fún mi.

Nígbà tí Uncle fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kí ni wọ́n lọ rà? Ọkọ̀ ojú omi onígbòkun! Ọkọ̀ àtijọ́ kan tó ní ibùsùn àti sítóòfù nínú. Inú lake tó wà lókè Suwanee ni wọ́n gbé e sí, ibẹ̀ làwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì máa ń wà ní gbogbo Saturday. Afẹ́fẹ́ á kún inú ìgbòkun, ọkọ̀ á máa sáré, Uncle á máa rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Àwọn fúnra wọn ni wọ́n kọ́ mi pé eré sísá lọ́tọ̀, kí ọkọ̀ lè fara da òkun lọ́tọ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ tó ń sáré lórí lake ò tíì rí nǹkan kan. Ohun tó ń gba èèyàn là lójú òkun ni kíìlì, ìyẹn irin wúwo tí wọ́n fi bolt dè mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ọkọ̀ dẹ̀gbẹ́, ìwúwo irin yẹn ló máa fà á dìde. Bí kò bá sí níbẹ̀ mọ́, ọkọ̀ á dojú dé ni.

Nígbà tó yá, Uncle ní àwọn fẹ́ gbé ọkọ̀ náà lọ sí òkun, kí àwọn dá a tù láìmú ẹnì kankan dání, láti etíkun Georgia dé Florida. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e kúrò nínú omi kí wọ́n tó gbé e sórí truck, àwọn ará ìjọ wa wá bá wọn yà á sí mímọ́. Kí Pastor tó bẹ̀rẹ̀, mo rìn yí ọkọ̀ náà ká. Ẹ ò mọ̀ pé ojú iṣẹ́ kì í sinmi?

Ibi tí kíìlì ti pàdé ara ọkọ̀ ti là. Èékánná mi wọ inú rẹ̀. Omi pupa ń kán jáde níbẹ̀, omi irin tó ti dógùn-ún. Bó bá jẹ́ ilé ni, ǹ bá ní kí ẹnikẹ́ni má sùn nínú rẹ̀.

Mo fẹ́ fa Uncle sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n àdúrà ti bẹ̀rẹ̀. Pastor ní ọkọ̀ yìí kò ní rì, a ṣe àmín. Wọ́n ní àlọ rere, àbọ̀ rere, àmín tún ròkè. Lẹ́yìn irú àmín yẹn, ta ló máa la ẹnu sọ pé ọkọ̀ lè rì? Wọn ò ní sọ pé mo ń fi ẹnu fa aburú?

Bí a ṣe ṣe àmín tó kẹ́yìn, Uncle gbé ọwọ́ lé mi léjìká níwájú gbogbo èèyàn.

"Inspector wa, how far? Ṣé ó dára?"

"Ó dára, sà."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò. Mo ní màá pè wọ́n bí mo bá délé. Mo délé, mo ní ó dájú pé àwọn náà ti rí i, ṣé èmi ni màá wá kọ́ àgbà ní ohun tí àgbà fi kọ́ mi? Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, bí wọ́n ṣe tọ́ mi dàgbà nìyẹn. Mi ò pè wọ́n.

Ní ọjọ́ kẹta tí Uncle wọ òkun, àwọn apẹja rí ọkọ̀ náà lójú omi. Ó ti dojú dé, kíìlì sì ti já kúrò lábẹ́ rẹ̀. Uncle wà nítòsí rẹ̀ nínú life jacket wọn. Wọ́n ti kú.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fọwọ́ kan ibi tó là lára ògiri oníbàárà, ó máa ń ṣe mí bíi pé ọwọ́ Uncle tún wà léjìká mi. Màá yíjú wẹ̀yìn, mi ò ní rí ẹnì kankan. Obìnrin kan ní Riverdale bi mí ní ọ̀sán gangan bóyá ilé tí òun fẹ́ rà dára. Ilé náà dára o! Ṣùgbọ́n ẹnu mi ò lè sọ ọ́. Inú mọ́tò ni mo sá lọ jókòó sí. Ẹ̀rù ara mi ń bà mí.

Èyí tó tún burú jù ni pé Aunty Bísí ń sọ fún gbogbo àlejò pé kò sí nǹkan tó ṣe ọkọ̀ náà, pé èmi Bùnmi yẹ̀ ẹ́ wò, pé àsìkò ló tó. Mi ò mọ ibi tí màá fojú sí.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ sí Ellenwood. Mo bá Aunty níbi tí wọ́n ti ń ká aṣọ Uncle sínú páálí. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Mo ń retí kí wọ́n gbá mi létí. Wọ́n ká ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ wọn tán kí wọ́n tó wò mí.

"Bùnmi, mo rí i. Every Saturday, èmi ni mo ń fi kànìnkànìn gbẹ omi pupa yẹn nínú ọkọ̀. Mo ti fẹ́ sọ fún Uncle ẹ pé kí wọ́n má lọ. Lọ́jọ́ àdúrà yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ ọ́. But ìwọ tó jẹ́ iṣẹ́ ẹ nìyẹn, o ní ó dára. Mo bá dákẹ́."

Wọn ò pariwo, wọn ò ṣépè. Wọ́n tún mú ṣẹ́ẹ̀tì mìíràn. Mo fẹ́ bá wọn ká a, wọ́n rọra gbà á lọ́wọ́ mi. Bóyá wọ́n ti dárí jì mí, mi ò mọ̀, mi ò sì lè béèrè.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí. Àdúrà ò ní ká má sọ ohun tí ojú wa rí, dídákẹ́ kọ́ sì ni ọ̀wọ̀. Bí mo bá bọ̀wọ̀ fún Uncle lóòótọ́, ojú gbogbo ìjọ ni ǹ bá ti sọ ọ́. Wọn ì bá bínú sí mi, kí wọ́n ṣáà wà láàyè, kí wọ́n máa bínú!

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni ẹ ti sọ fún rí pé nǹkan rẹ̀ dára, tí ẹ mọ̀ pé kò dára? Mo fẹ́ ka tiyín nísàlẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá ṣì wà láàyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ pè é ná.