Àjàyí kí àna rẹ̀, ẹ̀rọ mi dákẹ́

Bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, nǹkan ẹ̀rọ mi wà nínú ikùn Àjàyí mẹkáníìkì!

Ẹ̀rọ tí mo fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ní Ìrèlé, èyí tí ọmọ mi rà ránṣẹ́ láti Èkó lọ́dún òmìnira, òun ló kọ̀ tí kò dún láàárọ̀ yìí. Àjàyí ní kabúrétọ̀ ló dọ̀tí. Ó tú u, ó fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́. Ó yọ bàbà kékeré tí epo ń gba ihò rẹ̀ kọjá, ó fẹnu fẹ́ ẹ, ó sì há a sẹ́nu kó má baà sọnù.

Àfi bí àna rẹ̀ ṣe yọ.

"Ẹ kú uṣẹ́ o."

Àjàyí dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ṣùgbọ́n kò lanu. "Hmm, hmm" ló ń ṣe.

Ojú baba yí padà. "Èmi tí mo fún ọ lọ́mọ fẹ́, èmi lò ń kùn sí bí oyin?"

Ni Àjàyí bá lanu: "Ẹ káàárọ̀, bàbá…" Ó gbé e mì kàló!

Mo figbe ta. Baba ní kí ni mo ń pariwo sí, ṣé ọmọ ò gbọdọ̀ kíni ni?

Ìyá kan tó gbé ẹ̀gẹ́ wá ní ẹ̀bà ló máa tì í jáde. Gàrí dà? Ṣebí ẹ̀rọ tó yẹ kó lọ̀ ọ́ ló kú yìí!

Mo bá lọ gún iyán. Baba náà bá a jẹ ẹ́.

Ẹ sọ òótọ́ fún mi: tó bá jáde lọ́la, tí mo fọ̀ ọ́, tí mo dá a padà sínú ẹ̀rọ, ta nínú yín ló ṣì máa jẹ gàrí mi?