Takisí Voula Lórí Pápá Eré

Láti ìgbà tí ọkọ Voula ti kú ló ti ń wa takisí kan náà nígboro Geelong lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Takisí yẹn ló bọ́ àwọn ọmọ, òun ló rán wọn níléèwé. Ẹ́ńjìnnì onípísítìnì mẹ́fà tó tò lórí ìlà kan ló wà nínú rẹ̀, irin búlọ́ọ̀kù rẹ̀, ìyẹn ara ẹ́ńjìnnì gan-an, sì ki pọ́pọ́. Àwọn ọmọ aráyé mà ṣòro o! Wọn a máa bú irú takisí bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Tó bá ti dẹnu kọlẹ̀, wọn a máa du ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kí wọ́n lè fi sáré ìje.

Nígbà tí Voula fẹ̀yìn tì, ó ní òun náà á fi tòun sáré. Bruno, aládùúgbò rẹ̀ tóun náà ń sáré ọkọ̀, ló fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí Voula fi búra pé òun á na án lórí pápá. Ó gbé ẹ́ńjìnnì lọ bá Darryl mẹkáníìkì kó fi tọ́bò tó ń fún ẹ́ńjìnnì ní afẹ́fẹ́ sí i, kó lè túbọ̀ lágbára. Darryl wọn ògiri búlọ́ọ̀kù náà, ó mirí.

“Voula, ọ̀rẹ́ mi, ògiri ihò písítìnì karùn-ún ti fẹ́lẹ́. Afẹ́fẹ́ tó o ní kí tọ́bò fún un yẹn, á là á ni.”

“Kí la máa wá ṣe?”

“Ká da sìmẹ́ǹtì sí ọ̀nà omi rẹ̀. Bí Bruno ṣe ṣe tiẹ̀ nìyẹn. Á le bí òkúta.”

“Omi ńkọ́?”

“Omi ò ráyè mọ́ nìyẹn. Tó bá sáré díẹ̀, á gbóná, torí omi ló ń tu ẹ́ńjìnnì lára. Kò tún lè rin títì mọ́, sìmẹ́ǹtì tó bá sì ti wọlé ò ṣeé yọ.”

Darryl ti po sìmẹ́ǹtì sílẹ̀. Voula gbọ́wọ́ lé búlọ́ọ̀kù náà. Ó wù ú kó na Bruno, ó wù ú gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni.

“Darryl, lọ fi sìmẹ́ǹtì ẹ dí kòtò ẹnu géètì ẹ. Dín afẹ́fẹ́ kù.”

“Bruno á nà ẹ́ o!”

“Kó nà mí. Ara mi gbà á.”

Lọ́jọ́ ìje, Bruno nà án lóòótọ́, ó nà án ní ìnà ìtìjú. Ó wá dúró tì í, ó ń jẹ búrẹ́dì àti sọ́sééjì.

“Takisí! Ṣé o ti já èrò sílẹ̀ ni?”

Voula rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Bruno ń wá ẹni tó máa bá a ti ọkọ̀ rẹ̀ tó ń ru èéfín sórí tírélà.

Voula ṣíná sí tiẹ̀, ó kọrí sílé. Nígbà tó dé títì, ó fọwọ́ pa dáṣíbọ́ọ̀dù.

“O ṣeun,” ló wí. “Ìwọ lo bá mi tọ́ àwọn ọmọ mi.”