Ó Ku Ẹyọ Kan

Iṣẹ́ títa ọkọ̀ ló ń ṣe, àmọ́ bí ẹ bá fi orúkọ tí bàbá ẹ̀ sọ ọ́ béèrè ẹ̀ níbi iṣẹ́, ẹ ò ní rẹ́ni dá yín lóhùn. Ó-Ku-Ẹyọ-Kan ni gbogbo wọn ń pè é. Oníbàárà ò ní tíì wọlé tán tí yóò ti rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ tú àṣírí ọba: "Orí yín mà dáa o. Ó ku ẹyọ kan." Bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ kún ẹ̀yìnkùlé fọ́fọ́, débi pé ẹ̀gbẹ́ ni ológbò ibẹ̀ fi ń rìn. Àṣà náà tẹ̀ lé e délé. Bí ọmọ ẹ̀ bá tọrọ bisikíìtì, á ní ó ku ẹyọ kan. Ìyàwó ẹ̀ á wá rọra gbé páálí, á gbọ̀n ọ́n, á sì máa wò ó lójú.

Ni ọkọ̀ pupa bá dé. Ó rẹlẹ̀, ó fẹ̀, bí wọ́n bá ṣáná sí i, gíláàsì gbogbo ilé á máa gbọ̀n. Aráyé ń wá a bí ojú, àwọn tó ń ṣe é ò sì ṣe é púpọ̀. Ẹyọ kan péré ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá ẹ̀ lọ́dún yìí. Wọ́n ti lẹ iye owó ẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú. Ọ̀gá wá lẹ ìwé tiẹ̀ sábẹ́ ẹ̀, ó kọ ọ́ gàdàgbà: OWÓ Ọ̀WỌ́N. Ìyẹn ni pé ẹ máa sanwó ọkọ̀, ẹ ó tún wá san ti pé kò pọ̀.

"Ìwọ lo lẹ́nu," ọ̀gá sọ fún Ó-Ku-Ẹyọ-Kan. "Bí ọkọ̀ yìí bá sùn síbí lónìí, lọ́la wàá bẹ̀rẹ̀ sí í ta táyà ní ṣẹ́ẹ̀dì."

Kò sí ẹ̀rọ amúlétutù ní ṣẹ́ẹ̀dì, kò sí àga, òórùn rọ́bà ibẹ̀ sì ń báni dórí bẹ́ẹ̀dì.

Dókítà eyín kan ló kọ́kọ́ wọlé, oníbàárà àtijọ́. Ojú ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ pupa bí ìgbín mọ́ igi.

"Dókítà, mo fi Ọlọ́run búra, ó ku ẹyọ kan!"

Dókítà bú sẹ́rìn-ín. "Aláwọ̀ búlúù tí o tà fún mi ńkọ́? Ṣebí òun náà ku ẹyọ kan? Lọ́jọ́ kejì mo pàdé mẹ́rin ní ìkóríta kan ṣoṣo, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kí wọn bí ẹbí. Mò ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nígbà tí owó ọ̀wọ́n yẹn bá ti já bọ́."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Òtítọ́ bá ti ọkùnrin yìí lóòótọ́, àmọ́ nígbà tó dé, kò sẹ́ni tó dá a mọ̀.

Ó ní kí Dókítà jókòó sínú ọkọ̀, kó máa tẹ àwọn bọ́tìnnì ibẹ̀ wò. Òun náà wá sá sẹ́yìn òpó, ó pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin tó ń rán aṣọ iléèwé ládùúgbò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wọ bàtà gogoro yẹn, ẹ máa bọ̀. Ẹ kàn ní ẹ fẹ́ ra ọkọ̀ pupa, iye tó wù kó jẹ́. Kí ọkùnrin yìí lè rí i pé wọ́n ń bá a dù ú."

"Iye tó wù kó jẹ́?"

"Iye tó wù kó jẹ́, ẹ̀gbọ́n."

"Ó ti yé mi."

Ẹ̀gbọ́n wọlé pẹ̀lú awò dúdú lójú, kò-kò-kà lórí bàtà. "Èmi ni mo máa ra ọkọ̀ pupa yìí! Iye tó wù kó jẹ́! Èló ni?"

Ọkàn àbúrò ẹ̀ balẹ̀. Ó ka iye owó ọkọ̀, ó ka owó ọ̀wọ́n lé e. Àmọ́ obìnrin yìí, bí òwú bá gbówó lórí, yóò rin ìlú já kó tó rà á. Etí ẹ̀ gbọ́, ẹnu ẹ̀ kọ̀.

"Háà! Ẹ gba ìdajì."

"Màdáámù," àbúrò ń ṣẹ́jú sí i bí ẹni tí eruku kó sójú, "ṣebí ẹ ní iye tó wù kó jẹ́."

"Kí ló dé tí ẹ fi ń ṣẹ́jú? Ilẹ̀kùn méjì péré! Ẹ̀yìn ibẹ̀ ò lè gba ọmọ ọwọ́! Ohun tí kò pé, ṣebí ńṣe ni wọ́n ń dín owó ẹ̀?"

Dókítà fò jáde nínú ọkọ̀. "Ẹ ṣáà bá mi sọ fún un, ìyáàfin!"

Ariwo yìí ló mú ọ̀gá jáde. "Kò gbà," ó ní.

Ẹ̀gbọ́n bá kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ń rìn lọ díẹ̀díẹ̀ bí àwọn tó mọ ọjà ná ṣe ń ṣe, kí wọ́n lè pè é padà. Kò sẹ́ni tó pè é. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà tìbínú-tìbínú.

"Àbúrò, ṣé o ò ní pè mí ni?"

Dókítà wo imú ẹ̀gbọ́n, ó wo imú àbúrò. Imú kan náà ni. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tiẹ̀ lápò, ó fẹ́ máa lọ.

Òórùn rọ́bà ti ń ta sí Ó-Ku-Ẹyọ-Kan nímú. Kò búra mọ́. Ó kàn fa Dókítà lọ́wọ́, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé tí oníbàárà kankan ò dé rí. Àwọn ọkọ̀ yòókù ti tà tán, tuntun ò tíì dé. Gbogbo ibẹ̀ ṣófo, àfi ológbò tó nà gbalaja sáàárín gbùngbùn, tó ń jayé orí ẹ̀.

Dókítà wo ológbò títí. "Áà," ó ní, ohùn ẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ó mà ku ẹyọ kan lóòótọ́."

Ó sáré padà sínú ilé bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba tiẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀.

"Owó ọ̀wọ́n yẹn ńkọ́?" ẹ̀gbọ́n bi ọ̀gá láti ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀gá wo ọwọ́ Dókítà tó ń lọ sápò, ó ń bẹ̀rù kó má lọ yí ọkàn padà. "Mo yọ ìdajì."

"Ṣé ẹ rí i? Ìdajì ni mo ti wí láti ìṣáájú."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ tuntun kún ẹ̀yìnkùlé, ológbò tún ń fẹ̀gbẹ́ rìn. Tọkọtaya kan wọlé, wọ́n béèrè pé mélòó ló kù. Nítorí òtítọ́ ló bá a ta ọkọ̀ pupa, Ó-Ku-Ẹyọ-Kan ti pinnu láti dẹni tuntun.

"Wọ́n pọ̀ lẹ́yìn, ẹ fara balẹ̀."

"Ó dáa náà," ọkọ ní, "a máa padà wá lóṣù tó ń bọ̀." Ni wọ́n bá jáde.

Ọ̀gá wò ó láti inú ọ́fíìsì. Ó wá rọra yí ojú sí ọ̀nà ṣẹ́ẹ̀dì táyà.

"Ẹ dúró!" Ó-Ku-Ẹyọ-Kan ti dé títì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n tún wọn kà ná!"