Ẹ̀gbọ́n Oyèwọlé, Tó Gba Orúkọ Ìyá Mi Padà

Háà! Ẹ̀gbọ́n Oyèwọlé, ṣé ó wá dìgbóṣe nìyẹn? Ẹ̀yin tí ẹ ń fọ ìgò ní lábù àyẹ̀wò àìsàn ní Yábà látàárọ̀, tí ẹ tún ń kọ́ wa ní bàọ́lọ́jì nírọ̀lẹ́ ní Pápá Àjàó, ẹ̀yin náà lẹ dákẹ́ yìí?

Àwọn kan ń pè yín ní Fọgòfọgò. Mo mọ̀ wọ́n. Àwọn ọmọ wọn tó yege, ta ló kọ́ wọn? Èmi Ṣadé aránṣọ, tí ò kọjá ìwé mẹ́fà, ta ló ní kí n wá jókòó sí kíláàsì?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, kí wọ́n kà á. Lọ́dún tí onígbáméjì wọ ilé wa, ọmọ mẹ́rin ló dùbúlẹ̀. Ọ̀kan ò dìde mọ́. Baba onílé ní ìyá mi ló fà á. Opó, arúgbó, tó máa ń dá sọ̀rọ̀: ó ti di àjẹ́ nìyẹn! Wọ́n lé e lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Makoko. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, okùn kànga já, péèlì rì, gbogbo ilé bá ń pọn omi ẹ̀rọ ní títì. Kò pẹ́, àìsàn lọ. Baba onílé ń yan kiri: "Ẹ ò rí i? Àjẹ́ ti lọ!"

Ẹ̀yin nìkan lẹ dìde. "Bàbá, nǹkan méjì lẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Èwo ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀?"

Ó ní, "Fọgòfọgò, o ti wá di dókítà?"

Ẹ rẹ́rìn-ín. "Rárá, sà. Ṣùgbọ́n kí n tó fọ ìgò, mo máa ń ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Ẹ jẹ́ ká dá ẹyọ kan padà. Kí Màmá wálé, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan omi kànga. Ká máa wò ó."

Màmá padà. Ọ̀sẹ̀ kan, méjì, mẹ́ta: ọmọ kankan ò ya ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ gbé omi kànga lọ sí lábù. Kòkòrò onígbáméjì ń bẹ nínú rẹ̀. Ṣáláńgá Baba onílé ni alábàágbé kànga náà! Ẹ bá mú ṣọ́ọ̀kì, ẹ kọ ọ́ sára kànga: Vibrio cholerae. Ẹ fàlà sí i nídìí. Ẹ ní, "Orúkọ ìdílé ló ṣíwájú, lẹ́tà ńlá ló ń gbà. Orúkọ tirẹ̀ tẹ̀lé e, lẹ́tà kékeré. Kòkòrò lórúkọ, ó nídìílé. Ẹ má fi orúkọ ìyá oníyàá pè é mọ́."

Baba onílé, títí ìyá mi fi kú, ẹ ò bẹ̀ ẹ́. Kànga tuntun lẹ gbẹ́.

Ọwọ́ èmi náà ò mọ́. Èmi ni mo ru ẹrù Màmá dé ọkọ̀, mo sì ń rò ó nínú mi pé bóyá òótọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n, ẹ rí i lójú mi. Ẹ ò sọ fún Màmá. Ẹ kàn ní, "Ṣadé, iwájú ni kó o jókòó lọ́la. Wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń wádìí kí wọ́n tó dájọ́."

Láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ ni mo ti ń wo àdúgbò yìí. Ẹ̀rọ ṣì ń yọ omi. Pátákó tí ẹ fi ń kọ́ wa ṣì wà lára ògiri, bẹ́ǹṣì ṣì wà níwájú rẹ̀. Nǹkan ẹyọ kan ṣoṣo ló yí padà. Kò sẹ́ni tó máa tàn mí lórí ohun tó jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ ṣófo.

Lẹ́tà ńlá ni mo fi kọ orúkọ yín síbí. Ẹ sùn re o, Ẹ̀gbọ́n mi.