Ife-Ẹ̀yẹ Tó Há sínú Kọ̀ǹpútà Bàbá Hàwáù

Bí ẹ bá bi mí pé irú èèyàn wo ni ọkọ mi, n ó ní kí ẹ má wulẹ̀ wo ojú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ṣàmsúdéènì kò lè rí nǹkan tí wọ́n fi síkúrù dì kó má tú u wò. Fáànù ilé wa, ó ti tú u. Rédíò màámi, tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ wa, ó ti tú u. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi wọlé ìyàwó, aago ògiri ló ń tú lọ́wọ́ ní yàrá, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló lọ fà á jáde. Mo ti bínú títí, ó ti sú mi. Ní báyìí, bí ó bá ti gbé nǹkan sílẹ̀, tó sì ń wá síkúrù-díráfà, èmi náà á fa àpótí jókòó tì í.

Ọmọ Fiditi ni. Ilora ni wọ́n bí èmi sí, Ilora náà la sì ń gbé, nítorí pé ibẹ̀ ló yá mi láti máa lọ síbi iṣẹ́ ní Ọ̀yọ́. Iṣẹ́ fídíò ló ń ṣe. Kò sí ìsọmọlórúkọ tàbí wòlímọ̀ tó lárinrin ní agbègbè wa tí kò sí nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló to kọ̀ǹpútà náà, láti ara ẹ̀yà tòkunbọ̀ tó ń ṣà jọ díẹ̀díẹ̀ ní Ìbàdàn. Háádì dísíìkì méjì ló wà nínú rẹ̀. Ó so wọ́n pọ̀ lọ́nà tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní réèdì, tó fi jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ ń ka àwọn méjèèjì sí. Bí ó bá tọ́jú fídíò kan, ìdajì á wọ inú èyí, ìdajì á wọ inú ìyẹn, kí iṣẹ́ lè yá kánkán. Mo bi í pé bí ọ̀kan bá kọṣẹ́ ńkọ́, ó ní kí n má fẹnu pe nǹkan tí kò sí.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ló wá fẹ́ẹ́ sọ wá di ẹni à ń nàka sí. Ilora àti Fiditi pàdé ní àṣekágbá ìdíje àwọn ọ̀dọ́, ní pápá Akinmorin. Ọ̀mì ni wọ́n ń gbá bọ̀ títí ó fi ku díẹ̀ kó parí. Ni Adéníyì, balógun ikọ̀ Ilora, bá fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù kan, aṣọ́lé Fiditi sì fò mọ́ ọn. Àwa ní ó ti kọjá ìlà kí aṣọ́lé tó mú un. Àwọn ní orí ìlà gan-an ló ti mú un. Rẹfirí wà lọ́nà jíjìn, kò rí i dáadáa, ojú àwọn èèyàn tó rí sì bà á lẹ́rù. Kí ìjà má bàa ṣẹlẹ̀, àwọn àgbà gbé ife náà lọ pamọ́ sí Iware, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò ní í gbé e títí a ó fi wo fídíò.

Ẹ̀yìn òpó góòlù yẹn gan-an ni ọkọ mi dúró sí pẹ̀lú kámẹ́rà. Ẹni tó sì ń kọ́ ikọ̀ Fiditi ni Nasrullah, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọmọ ìyá kan náà, ẹni tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí bàbá wọn kú.

Ọkọ mi da fídíò náà sínú kọ̀ǹpútà láìwò ó, ó nu inú kámẹ́rà nítorí iṣẹ́ mìíràn tó ní lọ́jọ́ kejì. Àfi bí tiransifọ́mà àdúgbò wa ṣe jó. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, kò síná. Jẹnẹrétọ̀ wa wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe, ibẹ̀ náà ló sì ṣe wà. Kò pẹ́ tí ẹnu fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Bí mo bá wọ mọ́tò láàárọ̀, àwọn tí a jọ dàgbà á bi mí pé, "Lateefah, ṣé ọkọ ẹ ò tíì pa fídíò yẹn rẹ́?" Òmíràn á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, àjò kì í dùn kí onílé má relé." Inú bí mi dé góńgó. Ọkùnrin tó ti ń bá wọn ya fídíò ọmọ wọn láti ọjọ́ yìí wá, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ló sọ ọ́ di àlejò.

Lọ́jọ́ Sátidé kan ni iná dé. Ariwo sọ ní gbogbo Ilora. Ọkọ mi, tayọ̀tayọ̀, ti pe Adéníyì, ó ti pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Fiditi, pé kí wọ́n kó èèyàn wọn wá sílé wa lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn ìrun alááṣárì. Ìgbà tó pè wọ́n tán ló tó tẹ bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà.

Kọ̀ǹpútà hó díẹ̀. Ojú rẹ̀ dúdú, ó wá kọ ọ̀rọ̀ funfun sí i pé òun kò rí ibi tí òun yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ó pa á, ó tún un tàn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, ó pe Olúkúnlé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ọ̀yọ́. Olúkúnlé ní àwọn dísíìkì ló ti dàrú, pé kó nù wọ́n pátápátá, kí wọ́n to gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, yóò sì ṣiṣẹ́.

Mo sún mọ́ fóònù. "Fídíò inú rẹ̀ ńkọ́?"

"Ìyẹn ti lọ nìyẹn, ìyàwó wa," ni Olúkúnlé wí.

Ọkọ mi wò mí. Mo mọ ohun tó ń rò. Bí fídíò bá lọ, ta ni yóò gbà ní Ilora pé kì í ṣe òun ló pa á rẹ́? Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì tú kọ̀ǹpútà sórí ẹní.

Ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku. Ó yọ wáyà, ó tún un kì bọ̀ ọ́. Ó fi dísíìkì kan ṣoṣo sí i, ẹ̀rọ ní òfìfo ni. Ó fi èkejì sí i, òfìfo náà ni. Ó dá méjèèjì padà, ó fi etí lé wọn, ó sì ní kí èmi náà fi etí mi lé e. Mo gbọ́ tí wọ́n ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Wọ́n ń mí," ó ní. "Òkú kì í mí, Ìyá Hàwáù. Àwọn méjì ò sì ní í kú lọ́jọ́ kan náà bí ẹni tó bára wọn mulẹ̀."

Ó wá wọ ibi tí ètò ẹ̀rọ náà wà, níbi tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí bí èèrà. Ó ń wo ìsàlẹ̀, èmi ń wo òkè. Ọjọ́ òní ni mo rí níbẹ̀, àbí ohun tí ẹ̀rọ náà pè ní ọjọ́ òní, ẹ̀rín sì pa mí.

"Bàbá Hàwáù, ẹ̀rọ yín ní oṣù kìíní ọdún 2009 la wà. Ẹ ò tíì mọ̀ mí nígbà yẹn."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ibi tí mo nawọ́ sí, ó dìde fùú, àpótí tó jókòó lé dojú bolẹ̀.

"Ó ti gbàgbé," ó ní. "Ó ti gbàgbé ni, Lateefah. Kò sí nǹkan tó ṣe dísíìkì."

Ó ṣàlàyé fún mi. Bátìrì pẹlẹbẹ kékeré kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó ń bá a rántí ọjọ́ àti gbogbo ètò tí èèyàn bá kọ́ ọ. Bátìrì náà ti gbó tẹ́lẹ̀, àìsíná ọjọ́ pípẹ́ ló wá pa á. Bí ó ti kú, kọ̀ǹpútà gbàgbé pé ẹyọ kan ni dísíìkì méjèèjì jẹ́, ó wá ń wò wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì rí nǹkan kan kà. Ó wá ibi tí wọ́n ti ń yàn án, ó yan réèdì padà, ó sì ní kó bẹ̀rẹ̀. Dísíìkì méjèèjì jáde bí ẹyọ kan. Àwòrán Hàwáù, ọmọ wa, tó máa ń wà lójú kọ̀ǹpútà yọ. Mo ti ń jó.

Ni iná bá ṣẹ́jú, ó lọ, ó padà. Kọ̀ǹpútà tún ti gbàgbé.

A ti ń gbọ́ ohùn àwọn èèyàn lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tó ṣí tí ó lè ní irú bátìrì bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi yọ èyí tó kú, ó ń yí i wò lọ́wọ́, mo sì rántí pé mo ti rí irú rẹ̀ nínú ẹ̀rọ tí màámi fi ń wo ṣúgà ara wọn. Mo sáré wọ yàrá wọn, mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé.

"Ẹ mú un," ni màámi wí. "Ṣúgà mi á ní sùúrù títí Ilora á fi gba ife."

Nígbà tí Nasrullah fi máa jókòó sórí àga, tí Adéníyì tó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí èèyàn sì kún ojú fèrèsé, ọkọ mi ti fi bátìrì màámi sí i, ó ti yan réèdì padà, kọ̀ǹpútà sì ti wà lójúfò. Fídíò bẹ̀rẹ̀. Adéníyì gbá bọ́ọ̀lù náà, ó ta lẹ́ẹ̀kan, aṣọ́lé fò, ọwọ́ rẹ̀ kan bọ́ọ̀lù. Lójijì, àwòrán fò sókè. Ojú ọ̀run la rí, a rí ẹ̀ka igi, a rí bàtà ẹnì kan. Ohùn kan sì ń ké pé, "Ó ti wọlé! Ó ti wọlé! Ilora o!"

Ohùn ọkọ mi ni.

Kò sẹ́ni tó wo ojú kọ̀ǹpútà mọ́, òun ni gbogbo wa ń wò. Ó dorí kodò. Inú mi dùn, àánú rẹ̀ sì ṣe mí, nítorí mo rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Dá a padà," ni Nasrullah wí. Ó dá a padà. Ohùn náà tún ké. Àwọn ọmọ Fiditi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn, Nasrullah gbọ́wọ́ sókè sí wọn.

"Ṣàmsú, ẹ̀yìn òpó lo wà lọ́jọ́ náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"O rí i tó wọlé?"

"Mi ò rántí mọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n ohùn mi nìyẹn, mi ò sì lè sẹ́ ẹ."

Nasrullah tún fìlà rẹ̀ dé, ó dìde, ó na ọwọ́ sí Adéníyì.

"Ohun tí ojú rẹ̀ rí ló ké, kò tíì ráyè ronú. Ẹ lọ gbé ife yín ní Iware," ó ní. Ó wá gbé ọwọ́ lé àbúrò rẹ̀ léjìká. "Ẹ máa mú èyí náà lọ. Ó ti di tiyín tipẹ́, èmi ni mi ò tètè mọ̀."